Ta Ni A Ó Ti Ìlẹ̀kùn Mọ́ Síta? Ọ̀rọ̀ Lórí Ààbò Íntánẹ́ẹ̀tì àti Fóònù Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ọlọ́run tó jẹ́ kí ojú wa rí i yóò jẹ́ kí a rí ogún ọdún, yóò sì jẹ́ kí a rí àádọ́ta.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí alukoro wá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ló rò pé ọ̀rọ̀ owó ni a ó sọ, nítorí inú báńkì ni iṣẹ́ òòjọ́ wa wà. Ọ̀rọ̀ owó náà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni a fẹ́ wò. Fóònù tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ya àwòrán lọ́jọ́ tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa mọ́. A ti ra òmíràn. Àmọ́ a kò ju ti àkọ́kọ́ nù. Ó wà lọ́wọ́ màmá wa nílé, tàbí lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ṣẹ́, tàbí lọ́wọ́ ọmọ tó ń bá wa tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbé wá bá àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báńkì: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ojú òpó yìí kò ṣí lórí fóònù màmá mọ́? Dátà wà níbẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, fóònù náà kò sì bàjẹ́."

Òótọ́ ni pé fóònù kò bàjẹ́. Ẹnìkan ló ti ìlẹ̀kùn kan. A fẹ́ sọ ìdí tó fi tì í, ohun tí títì náà ń ná wa, àti bí ó ṣe yẹ kí ẹgbẹ́ tiwa ṣe nígbà tí ojú òpó wa bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí a bá tẹ orúkọ ojú òpó kan sórí fóònù, fóònù náà yóò kọ́kọ́ kí kọ̀ǹpútà tí ojú òpó ọ̀hún ń gbé. Kọ̀ǹpútà yẹn ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní sáfà. Nínú ìkíni yìí, fóònù yóò ka irú àdììtú tí òun gbọ́ fún sáfà, sáfà yóò sì mú èyí tó dára jù nínú àwọn tí àwọn méjèèjì jọ gbọ́. Yóò fi ìwé ẹ̀rí hàn pé òun gan-an ni, kì í ṣe gbájú-ẹ̀ tó jí agbádá rẹ̀ wọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò jọ dá kọ́kọ́rọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ àfi àwọn méjèèjì, wọn yóò sì fi di gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù. Ohun tí àgádágodo kékeré tí ẹ máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ojú òpó ń sọ nìyẹn. Ẹni tó bá lúgọ sójú ọ̀nà, ì báà jẹ́ ẹni tó ni Wi-Fi ọ̀fẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń kọjá, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Àwọn àdììtú wọ̀nyí ní ẹgbẹ́ ọjọ́ orí bíi tiwa. Ilé-iṣẹ́ Netscape gbé SSL 2.0 jáde ní 1995. SSL 3.0 tẹ̀lé e ní 1996. TLS 1.0 dé ní 1999, TLS 1.1 ní 2006, TLS 1.2 ní 2008, TLS 1.3 sì dé ní 2018. Kọ̀ǹpútà Windows XP tó ń lo Internet Explorer 8 kò kọjá TLS 1.0. Lórí Android tó ṣáájú 5.0, èyí tó jáde ní 2014, áàpù tó bá gbára lé ohun tí fóònù gbé wá láti ilé kì í lo TLS 1.2 àyàfi bí ẹni tó kọ áàpù náà bá dìídì tan án. Bí fóònù bá ní ti 1999 nìkan ni òun gbọ́, tí sáfà sì ní òun kò dá ẹnikẹ́ni tó ṣáájú 2008 lóhùn, ìkíni parí síbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fóònù màmá nìyẹn.

Láàárín wa, ẹni tó bá dàgbà jù ni a ń wárí fún. Nínú ọ̀rọ̀ àdììtú, èyí tó bá dàgbà jù ni olè ti mọ ilé rẹ̀ tinú tẹ̀yìn.

Ẹnìkan lè wá bi wá pé, kí ló dé tí sáfà kò fi gbọ́ gbogbo wọn? Kí àgbà lo ti àgbà, kí ọmọdé lo ti ọmọdé, kí oníkálukú máa lọ ní tirẹ̀. Àbá yẹn dùn létí. Ìyà tó sì ti jẹ àwọn tó gbà á kò kéré.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, àwọn olùwádìí ní Google fi hàn pé olè tó bá wà láàárín ọ̀nà lè máa ba ìkíni tuntun jẹ́ títí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yóò fi sọ pé, ó dáa, ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú ti àtijọ́. Bí àwọn méjèèjì bá ti padà sí SSL 3.0, olè náà lè máa yọ ọ̀rọ̀ àṣírí jáde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n pe àléébù náà ní POODLE. Ẹ wo ẹni tó jìyà níbẹ̀. Fóònù rẹ̀ tuntun, sáfà tó ń bá sọ̀rọ̀ náà mọ ti tuntun. Àmọ́ nítorí pé àwọn méjèèjì ṣì fi ìlẹ̀kùn 1996 sílẹ̀ ní ṣíṣí, ibẹ̀ ni olè fà wọ́n gbà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2016, a tún gbọ́ DROWN. Èyí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí sáfà kan bá ṣì gbọ́ SSL 2.0, tó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ kan náà ṣe ti àtijọ́ àti ti tuntun, olè lè gba ẹnu ọ̀nà àtijọ́ lọ tú ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn fi TLS dì. Ẹni tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ kan ìlẹ̀kùn àtijọ́ yẹn rí láyé rẹ̀. Àwọn olùwádìí náà ṣírò pé nínú sáfà mẹ́ta tó ń fi àdììtú ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ọ̀kan wà nínú ewu yìí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ìtàn kan ṣì wà níbẹ̀. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, òfin Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí wọ́n ta àdììtú tó lágbára sí ilẹ̀ òkèèrè, nítorí náà wọ́n ṣe èyí tó rọ̀ fún àlejò. Wọ́n tú òfin náà sílẹ̀ nígbà tó yá, àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí yọ àgádágodo rírọ̀ náà kúrò nínú sọ́fítíwíà. Ní 2015 ni àwọn olùwádìí tún bá a níbẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́, tí olè sì lè fipá mú àwọn kọ̀ǹpútà kan láti lò ó. Orúkọ tí wọ́n fún ìyẹn ni FREAK. Àánú tí a ṣe fún ẹnìkan lè di ihò lára ògiri gbogbo ilé.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ohun tó kù kò ju pé kí á ti gbogbo ìlẹ̀kùn àtijọ́, kí á sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wà níwájú ìlẹ̀kùn yẹn.

Ní ìparí 2015, nígbà tí wọ́n fẹ́ pa ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà bu ọwọ́ lu ìwé ẹ̀rí sáfà tì, ìyẹn SHA-1, Facebook jáde sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún búráúsà tí àwọn ènìyàn ń gbé wá sọ́dọ̀ àwọn, mẹ́ta sí méje ni kò lè gba ti tuntun, àti pé ìlú tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn wà. A mọ àwọn ìlú bẹ́ẹ̀, ibi tí fóònù ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ kó tó kú. Àwọn tó fẹ́ pa SHA-1 tì náà kò jayò pa. Ní oṣù kejì ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Google àti ní ilé ìwádìí CWI ní Amsterdam gbé ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde tí òǹtẹ̀ SHA-1 wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ìhà méjèèjì ló ní òótọ́ lọ́wọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, búráúsà Firefox ti TLS 1.0 àti 1.1 pa. Àsìkò náà ni kòrónà gba ayé kan. Kò pẹ́ tí Mozilla fi tún un tan padà fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé àwọn ojú òpó ìjọba kan tó ń fi ìròyìn àrùn náà tó aráàlú létí kò tíì kúrò nínú ti àtijọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, sáfà ni àgbà, àwọn ènìyàn ló ní ohun tuntun lọ́wọ́. Wọ́n wò ó pé ìròyìn àrùn tí kò dé etí aráàlú léwu ju àdììtú tó gbó lọ. Lójú tiwa, wọ́n rò ó dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹyọ kan sí i. Let's Encrypt ni àjọ tó ń fún sáfà ní ìwé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́. Òǹtẹ̀ àgbà tí àwọn fóònù àtijọ́ mọ̀ mọ́ ìwé ẹ̀rí wọn fẹ́ parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ní 2020, wọ́n kéde pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo fóònù Android ni kò tíì mọ òǹtẹ̀ tuntun, nítorí wọn kò tíì dé Android 7.1.1. Dípò kí wọ́n tì wọ́n síta, wọ́n bá ẹni tó ni òǹtẹ̀ àtijọ́ ṣàdéhùn, wọ́n sì fi ọdún mẹ́ta kún un fún wọn, títí di 2024. Nígbà tí ọdún mẹ́ta náà pé, wọ́n tì í. Wọ́n kéde ọjọ́, wọ́n dúró dè é, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ.

Ohun tí àwa ń rí ní iṣẹ́ wa ni èyí: ẹni tí a bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ síta kì í sùn síta. Ibi tó bá rí ni yóò gbà wọlé. Màmá tí ojú òpó báńkì kò ṣí fún yóò gbé káàdì rẹ̀ àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ fún ọmọ ilé kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí áàpù kò wọlé sórí fóònù rẹ̀ yóò gba òmíràn tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò sì ní bi ẹni tó kọ ọ́. Oníṣòwò yóò fi páásíwọọ̀dù rẹ̀ wọlé lórí kọ̀ǹpútà káfẹ́, yóò sì gbàgbé láti jáde. Olè kò nílò POODLE mọ́ nígbà yẹn. A ti fi ọwọ́ ara wa gbé e wọlé, lórúkọ ààbò. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣírò ewu ìlẹ̀kùn tó ṣí, kó ṣírò ewu ìlẹ̀kùn tó tì pẹ̀lú rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń wọn méjèèjì? Ohun àkọ́kọ́ ni kíka àwọn ènìyàn. Sáfà lè kọ ọ́ sílẹ̀ irú àdììtú tí oníkálukú fi wọlé. Kí a kà á fún oṣù kan tàbí méjì kí a tó ti ohunkóhun, kí a mọ̀ bóyá ẹni mẹ́ta ni tàbí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Èkejì, kí a wo ẹrù tó ń gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá. Ìwé ìkéde ìpàdé kì í ṣe ẹgbẹ́ owó ilé. Ẹ̀kẹta, kí a dá ọjọ́, kí a sì kéde rẹ̀ ṣáájú. Àjọ àwọn oníkáàdì kọ́kọ́ fi ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2016 sí i pé kí gbogbo ẹni tó ń gba owó káàdì kúrò nínú SSL àti TLS àkọ́kọ́. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì sún un sí ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2018. Ẹ̀kẹrin, kí ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí a fẹ́ tì síta, kó tó di pé a tì í.

Mozilla náà ti pín in sọ́nà mẹ́ta fún àwọn tó ń bójú tó sáfà. Ti òde òní gba TLS 1.3 nìkan. Ti agbedeméjì gba 1.2 àti 1.3, òun ni wọ́n sì ní kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lò. Ti àtijọ́ sọ̀kalẹ̀ dé 1.0, wọ́n sì kìlọ̀ pé bí ọ̀nà gbogbo bá dí nìkan ni kí ẹnikẹ́ni yà síbẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn kan ní ilé ìwòsàn, àwọn kan sì ń darí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ̀yin mọ̀ pé ìgbà mìíràn, kì í ṣe fóònù àlejò ló gbó, sọ́fítíwíà tiwa gan-an ni. Ẹni tó kọ ọ́ ti lọ sókè òkun, orúkọ gbogbo oníbàárà sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Ẹ kò ní láti jù ú nù lónìí. Ẹ lè fi sáfà kékeré mìíràn ṣíwájú rẹ̀ bí oníbodè. Oníbodè ni yóò máa fi àdììtú tuntun bá aráyé sọ̀rọ̀, òun ni yóò sì máa gbé iṣẹ́ wọlé fún àgbàlagbà tó wà nínú ilé. Ohun kan péré ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́: ọ̀nà tó wà láàárín oníbodè àti àgbàlagbà náà gbọ́dọ̀ kúrú, kó wà nínú ọgbà yín, kí ẹsẹ̀ àlejò má dé ibẹ̀. Bí àgbàlagbà yẹn bá tún ń tajú síta láti fèrèsé mìíràn, asán ni oníbodè.

Ó wá ku ẹgbẹ́ tiwa. Ìgbìmọ̀ ti pinnu pé a ó ní ojú òpó tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò ti máa rí owó oṣù rẹ̀, owó ìrànwọ́ àti rìsíìtì. Àbá tí a gbé wá síwájú yín rèé. Kí a pín in sí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, sáfà tirẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí DROWN má baà rí ọ̀nà gbà láti ọ̀kan dé èkejì. Apá ti owó kò ní gbọ́ ohunkóhun tó ṣáájú TLS 1.2, a kò sì ní yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbẹ̀, ì báà ṣe Ààrẹ. Apá ti ìkéde, àwòrán àti ètò ayẹyẹ, tí kò bèèrè páásíwọọ̀dù, lè fi ọwọ́ rọra mú àwọn àgbà fún ọdún kan, kí a sì kọ ọjọ́ tí yóò parí síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún náà, ẹni tó bá ti inú fóònù tó gbó wọlé yóò rí ọ̀rọ̀ kan ní èdè Yorùbá tí yóò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá sì ní fóònù tó lè rí apá ti owó, akápò yóò máa fi ìwé owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù. Ẹtọ́ rẹ̀ ni, a kò fi ṣàánú rẹ̀.

Kí a tó jókòó, ẹ gba èyí lọ sílé. Bí ojú òpó bá kọ̀ láti ṣí lórí fóònù àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ àti aago orí rẹ̀. Bí ọjọ́ bá ṣì, fóònù yóò máa rò pé ìwé ẹ̀rí gbogbo ti kú tàbí pé a kò tíì bí i. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí Firefox bá ṣì lè wọ orí Android náà, ẹ lò ó, nítorí ó máa ń gbé àkọsílẹ̀ òǹtẹ̀ tirẹ̀ rìn, kì í wo ti fóònù. Ní ti owó, USSD kì í gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù oní-tọ́ọ̀ṣì, nítorí náà ẹ kọ́ màmá bí a ṣe ń lò ó, kí ẹ sì kìlọ̀ fún un pé nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ kò kan ọmọ, kò kan àna, kò kan òṣìṣẹ́ báńkì. Bí fóònù bá pariwo pé ojú òpó kan kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ má tẹ bọ́tìnì tó ní kí ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀. Bí agbára bá sì wà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra fóònù tuntun lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ wò ó bóyá ti màmá ló yẹ kó kọ́kọ́ wáyé.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní àbá tó sàn ju tiwa lọ, ìpàdé gbogboogbò oṣù tó ń bọ̀ ni a ó ti dìbò lórí rẹ̀. Ẹ wá, kí ẹ sì bá wa ronú kan ẹni tí fóònù rẹ̀ gbó.

Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́ o. Olè kò ní mọ ọ̀nà ilé wa, ará ilé kò sì ní sùn síta.